Nítorí Ìdáhùn tí Mo Dáhùn Níbi Yìgì Tẹjúmọ́lá

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Àdúgbò Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
                                        Ojú Ore, Ọ̀tà,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Sírájúdéènì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù aleekun. Mo kí ọ, mo kí ìyá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ṣakí? Orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà tí ò ń palẹ̀ mọ́ kúrò ní Ọ̀tà ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Oko kajú ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín lọ́dún yìí, mo sì gbàdúrà pé kó má ba nǹkan kan jẹ́ fún ọ. Ní tiwa níbí, ẹ̀mí ń bẹ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba. Títílọlá ìyàwó mi ní kí n kí ọ dáadáa, ó ní àwo tí ìyàwó rẹ fi sílẹ̀ fún òun lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ ṣì wà lọ́wọ́ òun, kò tíì fọ́.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ sí ọ láyé tí gbogbo èèyàn ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé o ti pè mí títí ó ti sú ọ. Títílọlá ló máa ń gbé e, á ní mo wà ní mọ́ṣáláṣí, tàbí pé mo ń sùn. Irọ́ ni, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń wà. Mo máa ń rí orúkọ rẹ lójú fóònù, mo máa ń rí ẹnu ìyàwó mi tó ń lọ sókè sódò, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń mi orí. Nígbà tó bá gbé e sílẹ̀ tí mo bi í pé kí lo sọ, á ní, "Wọ́n ní kí n kí yín." Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn, ohun tó máa ń kàn mí níbẹ̀ kò ju ìkíni lọ. Mi ò bá a wí. Kí àgbàlagbà máa pariwo ọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ̀ létí láti àárọ̀ dalẹ́, iṣẹ́ ni.

Ohun tó mú kí n gbé bírò lónìí ni pé ọkùnrin ará Ṣakí kan tó ń ta ìṣáná àti tọ́ọ̀ṣì nítòsí Toll Gate ní Ṣàngó bá Títílọlá pàdé. Ó ní wọ́n ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ yín pé mo da yìgì ọmọ mi rú, pé mo dìde láàárín jàmáà, mo sì ní Tẹjúmọ́lá ti ní ọkọ níbòmíì. Sírájú, a jọ jẹun nínú abọ́ kan ju ẹni tí n óò jẹ́ kí ará ìta máa ròyìn mi fún lọ. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi lóòótọ́. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jáde fún ọ, kí o tó dá mi lẹ́jọ́.

O mọ ibi tí a ti jọ ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù irin, tí wọ́n á wá nà án di ọ̀pá irin ìkọ́lé, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí etí èèyàn ń gbé. Ọwọ́ ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Tí a bá wọ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ nírọ̀lẹ́, gbogbo wa á ṣì máa pariwo mọ́ra wa bí ẹni tó ń jà, dírẹ́bà á máa bẹ̀ wá. Bí àwọn àlejò bá wá wo ilé-iṣẹ́, wọ́n á fún wọn ní ohun rírọ̀ bíi fóòmù kí wọ́n fi dí etí. Àwa tí à ń gbé inú ariwo náà, òwú tí a fà nínú àkísà ìnuwọ́ ni à ń lọ́ bọ etí tiwa, a sì máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé a dà bí òkú tí wọ́n ti tẹ́. O rántí.

Lẹ́yìn tí o ti kó lọ ni ìrẹ̀ wọ inú etí mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ìrẹ̀ gidi ni. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, mo fín oògùn kòkòrò sí gbogbo igun yàrá, Títílọlá kàn ń wò mí. Ó ní òun ò gbọ́ ìrẹ̀ kankan. Láti ọjọ́ yẹn kò dákẹ́ rí. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ń han lọ. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí mi. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ni mo kọ́kọ́ pàdánù, nítorí ohùn wọn tínrín. Lẹ́yìn náà ni ti ọkùnrin. Lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ sẹ́nu géètì. Níbẹ̀ náà, tírélà kan ń fọn fèrè lẹ́yìn mi, mi ò yà. Awakọ̀ ló bọ́ sílẹ̀ wá fọwọ́ gbá mi léjìká. Ọ̀gá tó wà lókè rí wa. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ní, "Baba, abeg, go house. I no want make trailer jam you for here." Ẹnu rẹ̀ ni mo wò tí mo fi mọ ohun tó sọ. Bí iṣẹ́ ṣe parí nìyẹn.

Inú ìyẹn la wà tí Kàdírì fi wá tọrọ Tẹjúmọ́lá. Òun nìkan náà ni Ọlọ́run fi ta èmi àti Títílọlá lọ́rẹ, ìwọ náà mọ̀. Ọmọlúàbí ni Kàdírì. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Àgbárá ló wà. Tó bá wá kí mi, á dọ̀bálẹ̀, á dìde, á sì dúró kí n wo ojú òun kó tó lanu. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọkàn mi sinmi lé e.

Àwọn ẹbí wá ní kí Àmọ̀dá àbúrò mi ṣe walí, ìyẹn ẹni tí yóò fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́ níwájú àwọn àlùfáà. Wọ́n ní kí ó má baà di ariwo. Èmi fẹ́ gbà. Tẹjúmọ́lá ló kọ̀. Ó ní, "Bàbá tó bí mi wà láyé, wọn ò sì sá lọ. Àwọn ló máa fi mí fọ́kọ." Ó bá Àmọ̀dá sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Títílọlá sì mú mi lọ rí dókítà etí ní Èkó.

Wọ́n fi mí sínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ara ògiri rẹ̀. Wọ́n fi nǹkan dé mi létí, wọ́n fi bọ́tìnì sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ohùn. Ọ̀rẹ́ mi, ìrẹ̀ inú orí mi ò jẹ́ kí n mọ èyí tí í ṣe ohùn. Mo ń tẹ bọ́tìnì lọ ràì. Dókítà náà, obìnrin tí kò ju Tẹjú lọ púpọ̀, ṣílẹ̀kùn wọlé, ó tẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Bàbá, mi ò tíì tan ẹ̀rọ o." Àmọ̀dá rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán.

Ó ní àwọn irun tín-tìn-tín kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gba ohùn wọlé. Ó ní ariwo ti tẹ tèmi pa, bí koríko tí katakata ń gba orí rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, kò sì ní hù mọ́. Mo ní ṣé kò sí oògùn rárá. Ó mi orí. Ó sọ nípa ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń la ẹ̀yìn etí fi sínú orí fún àwọn tí etí wọn ti kú pátápátá. Nígbà tí Àmọ̀dá gbọ́ iye rẹ̀, ó dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ láàárín wa mọ́. Èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn etí ni wọ́n rà fún mi, ọ̀tún àti òsì. Dókítà náà kìlọ̀ fún mi o. Ó ní ẹ̀rọ yìí máa mú ohùn ga sí i, àmọ́ kò lè mú ọ̀rọ̀ yé mi. Mo kàn ń mi orí fún un. Ta ni í gba irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó ń gba etí tuntun?

Nígbà tó tan án, ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó ṣí ojú ewé kan, ó dún bí aṣọ tó ń fà ya. Títílọlá wá pè mí láti ẹ̀yìn. Ó pè mí bó ṣe ń pè mí nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, kó tó di ìyá ọmọ: "Fàlí." Èmi àgbàlagbà bú sẹ́kún níwájú ọmọ mi. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ọjọ́ tí mo jẹ́ olówó nínú ọ̀rọ̀ etí yìí.

A dé Toll Gate, ọ̀rọ̀ yí padà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kadà, oníwàásù tó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, àwọn tó ń polówó káàdì, ọmọ tó ń ké lẹ́yìn ìyá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dà wọ orí mi lẹ́ẹ̀kan náà bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sínú garawa. Etí tí Ọlọ́run dá mọ èyí tó yẹ kó gbọ́ àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ ọ́n. Mo yọ ọ́, mo dì í mọ́wọ́ títí a fi délé.

Nílé, ó dáa díẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tó jókòó sí iwájú mi, tí ojú mọ́, mo máa ń gbọ́ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí dókítà ń sọ. Ohùn orí ọ̀rọ̀ ló ń wọlé, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ á dúró síta. Tí wọ́n bá ní ẹ̀fọ́, tí wọ́n bá ní ẹ̀kọ́, tí wọ́n bá ní ẹ̀tọ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lọ́dọ̀ mi. Títílọlá ní ọmọ aládùúgbò wa fẹ́ràn ẹ̀kọ́, mo ní kí wọ́n fi ẹja sí i. A rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà. A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Tẹjúmọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án Sátidé, á gbé àga méjì sẹ́bàá fèrèsé, á jókòó kojú mi, á ṣe bí àlùfáà. "Ṣé ẹ fi Tẹjúmọ́lá fún Kàdírì ní ìyàwó, lórí sàdáákì tí wọ́n san?" Èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Tọkàntọkàn." Á ní, "Bàbá, ẹ gbóhùn sókè díẹ̀." Màá tún un sọ. A ṣe é títí ìyá rẹ̀ fi ní òun náà lè fi ọmọ fọ́kọ báyìí. Sírájú, mo ti pẹ́ láyé díẹ̀, mo ti kírun ọdún láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, àmọ́ kò sí ohun tí mo múra sílẹ̀ fún tó ọ̀rọ̀ méjì yẹn.

Ọjọ́ yìgì pé. Mọ́ṣáláṣí wa kún, ìwọ náà mọ bó ṣe kéré tó. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri, àwọn fáànù ń yí lókè, àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ọmọdé ń sáré kiri níta. Ẹ̀rọ etí mi ń kó gbogbo rẹ̀ bọ̀ wá fún mi láì yọ ọ̀kan sílẹ̀. Mo rò pé Lémọ́mù wa, Àlùfáà Kàsúmù, ló máa bi mí léèrè, ẹni tí mo ti mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń ṣe. Àmọ́ àwọn ará ọkọ mú àlùfáà tiwọn wá láti Àgbárá, Lémọ́mù wa sì fi ọ̀wọ̀ fún un ní ààyè. Irùngbọ̀n ọkùnrin náà bo ètè rẹ̀, gbohùngbohùn sì bo èyí tó kù. Mo wá ẹnu rẹ̀ títí, mi ò rí i.

Ó ṣe wàásù, mo ń mi orí nígbà tí àwọn yòókù bá mi orí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. Mo gbọ́ "Tẹjúmọ́lá". Mo gbọ́ ohun tó jọ "ọkọ". Ohùn rẹ̀ lọ bí ohùn ẹni tó béèrè nǹkan. Mo ní ó ti tó àkókò. Mo dìde dúró, mo sì da gbogbo ohùn mi sílẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni! Tọkàntọkàn!"

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo mọ̀ nítorí àwọn ènìyàn ò mira mọ́. Mo rò pé inú wọn ló dùn. Àlùfáà náà tún béèrè, ó fà á díẹ̀díẹ̀, mo sì rò pé ó fẹ́ kí àwọn tó wà níta náà gbọ́ mi ni. Mo gbóhùn sókè bí Tẹjú ṣe kọ́ mi: "Bẹ́ẹ̀ ni! Mo ti fi í fún un, tayọ̀tayọ̀!"

Ọkùnrin kan lápá òdì kejì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Kàdírì dìde. Mo rí Kàdírì tó di bàbá rẹ̀ láṣọ mú, tó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo wo ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, mo rí ọmọ mi tó fi ìbòrí rẹ̀ bo gbogbo ojú. Títílọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí. Ìgbà yẹn ni Àmọ̀dá dé ọ̀dọ̀ mi. Ó di ojú mi mú bí ìgbà tí èèyàn ń di ojú ọmọdé mú, ó sì sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè rí i: "Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń bi yín bóyá Tẹjú ti ní ọkọ níbòmíì rí. Ẹ sì ní bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n máa ń bi walí ní ìbéèrè yẹn ṣáájú, kí ó má baà sí ìdènà. Lémọ́mù wa kì í béèrè rẹ̀, nítorí ó mọ gbogbo wa. A ò fi í kọ́ra.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Rárá o, rárá, mi ò gbọ́," àmọ́ Àmọ̀dá ti gba gbohùngbohùn, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí etí mi. Gbogbo ojú tẹ̀ lé ìka rẹ̀. Àlùfáà náà kì í ṣe èèyàn búburú, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní ẹni tó máa fi ọmọ fọ́kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó gbọ́ ohun tí wọ́n bi í, kí yìgì má baà ní àbùkù, pé kí àbúrò dúró ní ipò ẹ̀gbọ́n. Lémọ́mù Kàsúmù gbà, kò wojú mi. Àmọ̀dá dáhùn gbogbo ìbéèrè. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu àbúrò mi ni ọmọ mi gbà jáde nílé mi.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Tẹjú wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sọ ohun kan fún mi, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ẹkún ti yí ẹnu rẹ̀ po, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan mú níbẹ̀. Mo kàn ń sọ pé àmín, àmín. Nígbà tó wá kí wa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo bi í pé kí ló sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Ó wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Kò sí nǹkan, Bàbá."

Ọ̀rẹ́ mi, kò sí ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ lẹ́nu èèyàn báyìí tó "kò sí nǹkan". Nínú òkùnkùn náà mo lè dá a mọ̀. Tẹjú àti ìyá rẹ̀ á jókòó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Màá ní, "Kí lẹ sọ?" Wọ́n á ní, "Kò sí nǹkan." Ohun tó pa èèyàn méjì lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, ṣé kò sí nǹkan ló ń jẹ́? Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkórìíra. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tún sọ kì í dùn mọ́, wọ́n á ní láti pariwo rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ á sì ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di àlejò nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́.

Àwọn tó fẹ́ tù mí nínú máa ń pòwe pé bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Irọ́ gbáà ni wọ́n ń pa mọ́ òwe. Etí mi ò gbọ́ yìnkìn, ojoojúmọ́ sì ni inú mi ń bàjẹ́, nítorí mo ń rí ẹnu tó ń sọ ọ́. Ládùúgbò, wọ́n ní mo ti ń gbéraga láti ìgbà tí mo ti ní àna sí Àgbárá. Wọ́n á kí mi láti ẹ̀yìn, mi ò ní dáhùn. Àwọn ọmọ kéékèèké tí mo bá wí tẹ́lẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ sí mi níbi tí mi ò ti ní gbọ́, mo máa ń rí i lójú àwọn tó ń kọjá. Ní mọ́ṣáláṣí, mo ti kúrò ní sàfù iwájú. Ẹ̀yìn ni mò ń dúró sí, kí n lè rí ìgbà tí àwọn èèyàn bá tẹríba.

Mo tún pa dà lọ sọ́dọ̀ dókítà lóṣù tó kọjá. Òógùn àti ooru ti ba ẹ̀rọ ti apá òsì jẹ́, wọ́n ní kò ṣeé tún ṣe mọ́. Wọ́n dán ti apá ọ̀tún wò. Obìnrin náà wo ìwé tuntun, ó wo ti àtijọ́, ó sì bá Títílọlá sọ̀rọ̀ kó tó bá mi sọ. Ó ní èyí tó kù náà ń lọ. Mo ní, "Títí dé ibo?" Ó ní òun ò mọ̀. Láti ọjọ́ náà mi ò tọrọ etí lọ́wọ́ Ọlọ́run mọ́. Sùúrù ni mò ń tọrọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò tilẹ̀ tọrọ ìyẹn, tí mo kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀.

Sírájú, jọ̀ọ́, má fi ti orúnkún nìkan ṣe. Ìdí ẹ̀rọ kan náà ni èmi àti ìwọ jọ dúró sí. Tí ìyàwó rẹ bá ti ń sọ pé ò ń pariwo jù, tàbí tí ìrẹ̀ bá ń han ní yàrá rẹ tí kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ọ, lọ jẹ́ kí wọ́n wò ọ́. Mi ò lè sọ fún ọ pé wọ́n máa wò ọ́ sàn. Ó kàn dáa kí èèyàn mọ ohun tó ń bọ̀. Bí o bá sì lè wá kí mi, wá. Má pè ṣáájú. Kàn wá, kí o jókòó síwájú mi lọ́sàn-án, kí o má fọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tó bá tún béèrè lọ́wọ́ rẹ nípa yìgì, sọ fún un pé Tẹjúmọ́lá kò ní ọkọ kankan rí àfi Kàdírì, àti pé bàbá rẹ̀ ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Mi ò bẹ̀ ọ́ ju ìyẹn lọ.

Bá mi kí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí yín, kí o sì bá mi fi ọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Títílọlá ní kí ìyàwó rẹ fi ẹ̀gúsí ránṣẹ́ sí òun tí ọkọ̀ bá ń bọ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti sọ fún ọ pé Tẹjú ti bímọ. Ọkùnrin ni, Bọ̀wálé ni mo sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé mi léjìká, orí rẹ̀ fara kan etí mi, ẹ̀rọ náà sì han fíìì bí fèrè ọlọ́pàá. Wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí nǹkan bá bò ó. Ọmọ náà ta gìrì, gbogbo ara rẹ̀ le, ìyá Kàdírì sì sáré já a gbà lọ́wọ́ mi bí ẹni já ọmọ gbà nínú iná. Láti ìgbà náà, tí Tẹjú bá ti gbé e wọlé, mo máa ń kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ sílẹ̀. Tẹjú ní, "Bàbá, ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ o." Mo ní mo mọ̀. Nínú kí n gbọ́ ọ àti kí n gbé e, mo ti mú ọ̀kan. Mo máa ń gbé e mọ́ àyà, á la ẹnu, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ẹkún ni, mi ò mọ̀. Mo kàn máa ń gbé e títí ẹnìkan á fi wá gbà á.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
                                        Fàlílù Ọláoyè.